Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Ìtàn Ìbọn Tí Ilé Ọta Rẹ̀ Fún Jù, àti Ẹ̀kọ́ Tó Kọ́ Wa Nípa Yíyan Ẹni Tó Máa Ṣe Ìbọn

  

Ọ̀rọ̀ wa tòní kì í ṣe ti ajílẹ̀, kì í sì í ṣe ti iye tí wọ́n ń ta àgbàdo. Ọ̀rọ̀ ìbọn ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀yà, ọ̀bọ àti ìmàdò ò jẹ́ kí oko àwọn kan nínú wa sinmi, àwọn kan sì ní ìbọn tí wọ́n gba láísẹ́ǹsì rẹ̀. Bàbá kan tó ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ló bi wá ní ìbéèrè kan. Wọ́n ní: "Mo fẹ́ kí wọ́n ṣe ìbọn kan fún mi. Mo fẹ́ kí ibi tí ọta ń wọ̀ fún mọ́ ọta náà pinpin, kó má ní àyè kankan, torí mo gbọ́ pé irú ìyẹn ni kì í tàsé. Ìwọ̀n wo ni kí n sọ fún wọn? Ta ni kí n sì gbé iṣẹ́ náà fún?"

Ẹ ò rí i pé ìbéèrè méjì ni bàbá béèrè? Èkíní, ìwọ̀n. Èkejì, ọwọ́ tó máa ṣe é. A ò lè fi gbólóhùn kan dá wọn lóhùn, torí pé ìbéèrè méjèèjì yìí ti jẹ ojú èèyàn rí, wọ́n sì ti jẹ ẹ̀mí. Orílẹ̀-èdè méjì tó lówó, tó ní ẹ̀rọ, tó ní ọ̀mọ̀wé, ló ti kùnà níbẹ̀. Kánádà kùnà níbi ìwọ̀n. Amẹ́ríkà kùnà níbi ọwọ́ tó ń ṣe é. Ẹ fara balẹ̀ ká jọ gbọ́ ìtàn méjèèjì, lẹ́yìn náà ni a óò wá dá bàbá lóhùn.

KÍ LÀ Ń PÈ NÍ ILÉ ỌTA?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ṣakabùlà àwọn baba wa kò ní ilé ọta. Ẹnu ìbọn ni wọ́n ti ń da ẹ̀tù sínú rẹ̀, wọ́n á fi ọ̀pá kì í, wọ́n á fi nǹkan dí i, wọ́n á da ọta sí i, wọ́n á tún un kì. Kò sẹ́ni tó ń béèrè bóyá ọta yìí wọ̀ ọ́n tàbí kò wọ̀ ọ́n. Irin wẹ́wẹ́ o, òjé o, gbogbo ẹ̀ ló ń jẹ. Ọwọ́ ọdẹ fúnra rẹ̀ ni ìwọ̀n ẹ̀tù wà. Ìbọn náà ń falẹ̀, òun àti òjò kì í ṣe ọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n tó bá bàjẹ́, alágbẹ̀dẹ ìletò lè tún un ṣe, ọdẹ á sì padà sígbó.

Ìbọn ìgbàlódé yàtọ̀. Ìdí ni wọ́n ti ń ki ọta sí i. Ọta, ẹ̀tù àti ohun tó ń ṣáná sí i ti wà pọ̀ nínú ìkòkò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní kátíríìjì. Ti ìbọn ọlọ́ta kan ṣoṣo, idẹ ni wọ́n fi ń ṣe ìkòkò náà. Ti ìbọn ọlọ́ta wẹ́wẹ́ tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ wa ní, páálí tàbí ike ni, idẹ á wà nídìí rẹ̀. Ihò tí kátíríìjì yìí ń wọ̀ ní ìdí ọ̀pá ìbọn ni a ń pè ní ilé ọta nínú ọ̀rọ̀ wa yìí.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá yìn ín, ẹ̀tù á gbiná, idẹ á wú, á lẹ̀ mọ́ ara ilé ọta, á sì dí i gbọin kí iná má bàa fẹ́ padà sójú ẹni tó yìn ín. Lójú ẹsẹ̀ náà, idẹ á tún sún kì díẹ̀, ìyẹn ló ń jẹ́ ká lè fa kátíríìjì tó ti ṣófo jáde. Tí ilé ọta bá gbòòrò jù, idẹ lè ya, iná á sì wá ọ̀nà àtibá ojú yín. Tó bá fún jù, kátíríìjì ò ní wọlé, tàbí kó wọlé kó kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò jáde mọ́. Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ọ̀rọ̀ ilé ọta gan-an nìyẹn.

Ìbéèrè kan ló kù: eku wo? Torí kátíríìjì tí iléeṣẹ́ kan ṣe kì í bá ti iléeṣẹ́ mìíràn dọ́gba tán, bó tilẹ̀ jẹ́ orúkọ kan náà ló wà lára páálí méjèèjì. Ọ̀kan lè fi ìwọ̀n irun orí kan sanra ju èkejì lọ. Ẹ di ìyẹn mú, torí ibẹ̀ gan-an ni ìtàn Kánádà wà.

ÌBỌN TUNTUN DÉ ILẸ̀ WA NÁÀ

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ òkè òkun nìkan ni. Nígbà ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí àwọn ọmọ ogun ò sì tú àgọ́ wọn ká títí di 1893, ṣakabùlà ló pọ̀ lọ́wọ́ àwọn jagunjagun nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó ló ra ìbọn tí a ń ki láti ìdí ránṣẹ́ sí Èkìtìparapọ̀, àwọn tí Ògèdèǹgbé Ìlẹ́ṣà jẹ́ olórí ogun wọn. Irú kan tó wà nínú wọn ni Snider, tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà fún àwọn ọmọ ogun wọn ní 1866. Ìbọn yìí ṣe àwọn Ìbàdàn ní nǹkan. Wọ́n tilẹ̀ ní ariwo ìbọn náà ló fún ogun ọ̀hún lórúkọ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó ní ṣakabùlà lè rí ẹ̀tù àti ọta rẹ̀ kó jọ níbi púpọ̀. Ẹni tó ní Snider, kátíríìjì tó wọ ilé ọta Snider nìkan ni ìbọn rẹ̀ ń jẹ, òkè òkun ni ìyẹn sì ti ń wá, ó di kó gba Èkó kó tó dé òkè. Bí wọ́n bá ti ọ̀nà, ìbọn tó dára jù lọ á di ọ̀pá lásán. Ìgbà yẹn làwọn èèyàn wa ti mọ̀ pé tí èèyàn bá ra irinṣẹ́, ó ti fẹ́ oúnjẹ irinṣẹ́ náà mọ́ ọn nìyẹn.

ÌTÀN KÍNÍ: ÌBỌN ROSS TI KÁNÁDÀ

Ní nǹkan bí ọdún 1900, Kánádà fẹ́ ìbọn fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Ó wá Lee-Enfield tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lò, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì dí nítorí ogun tí wọ́n ń jà ní Gúúsù Áfíríkà, wọn ò rí i fún un. Ọkùnrin ọlọ́lá kan láti Scotland, Sir Charles Ross, wá sọ pé òun ní ìbọn tí òun fúnra òun rò jáde, òun á sì kọ́ iléeṣẹ́ sí Quebec láti máa ṣe é. Ní 1903, ìjọba Kánádà bá a ṣàdéhùn, ó kọ́kọ́ béèrè fún 12,000.

Ìbọn Ross dára lójú. Ti Lee-Enfield, ẹ máa yí irin ìdí rẹ̀ sókè kẹ́ ẹ tó fà á sẹ́yìn. Ti Ross, ẹ kàn máa fà á gbọọrọ ni, kẹ́ ẹ tì í padà gbọọrọ, ó ti parí. Ó yá. Ó sì ń ba ohun tí wọ́n bá fi sojú. Níbi ìdíje ìbọn yíyìn ní Bisley, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó gbé Ross lọ gba ẹ̀bùn níbẹ̀. Ta ló máa sọ pé irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ò dáa?

Àmì ti wà o. Àwọn ọlọ́pàá ẹlẹ́ṣin Kánádà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba Ross, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi kó o tì. Irin kan fò yọ lára ọ̀kan nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fi kọ́ṣẹ́, ọlọ́pàá kan sì pàdánù ojú rẹ̀ kan. Wọ́n tún ìbọn náà ṣe lọ́tun-ún, wọ́n tún un ṣe lósì, títí wọ́n fi dé irú kẹta ní 1910. Irú kẹta yìí ni wọ́n gbé lọ sógun.

Ọta tí Ross ń lò ni .303, òun kan náà ni Lee-Enfield ń lò. Orúkọ kan náà, páálí kan náà. Níbo ni ìyàtọ̀ wà? Inú ilé ọta ni. Wọ́n ṣe ilé ọta Ross kó fún, kó bá kátíríìjì tí wọ́n ń fara balẹ̀ ṣe ní Kánádà mu pinpin. Ìyẹn wà lára ohun tó ń jẹ́ kó ba nǹkan dáadáa. Ti Lee-Enfield, wọ́n fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ogun àgbáyé kìíní dé ní 1914, iléeṣẹ́ púpọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń sáré ṣe kátíríìjì lọ́sàn-án lóru. Iṣẹ́ ìkánjú ni, òmíràn sanra díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Lee-Enfield gbé e mì. Ross ò lè gbé e mì.

Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1915, àwọn ọmọ ogun Kánádà wà nínú yàrà lẹ́bàá ìlú Ypres, ní Bẹ́ljíọ̀m, nígbà tí àwọn Jámánì tú gáàsì olóró sílẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa tú irú gáàsì bẹ́ẹ̀ jáde lọ́pọ̀ yanturu níbẹ̀. Àwọn Jámánì ń bọ̀ lẹ́yìn gáàsì. Ọmọ Kánádà á yìn ín lẹ́ẹ̀kan, á yìn ín lẹ́ẹ̀mejì, ìbọn á gbóná, ẹrẹ̀ á wọ̀ ọ́, irin ìdí á gan. Fífà gbọọrọ tí wọ́n ń yìn ín fún tẹ́lẹ̀ ló wá di ìṣòro. Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ̀ ọ́n: ẹni tó bá fẹ́ tu ẹ̀gẹ́ nílẹ̀ líle, á kọ́kọ́ mi igi ẹ̀gẹ́ náà síhìn-ín sọ́hùn-ún kó tó fà á. Yíyí tí wọ́n ń yí irin Lee-Enfield ló ń bá a mi kátíríìjì kó tó jáde. Ross ò fi bẹ́ẹ̀ ní mímì, àfi fífà. Àwọn ọmọkùnrin yẹn ń fi bàtà gbá irin ìdí ìbọn wọn, wọ́n ń fi igi ṣọ́bìrì lù ú kó lè ṣí, ọ̀tá sì ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán.

Ìṣòro mìíràn tún wà pẹ̀lú ẹ̀. Irin kékeré tó ń dá irin ìdí dúró tí wọ́n bá fà á sẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ kéré jù. Bí wọ́n ṣe ń fi agbára fà á, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe eyín irin ìdí náà léṣe, eyín tó sì ti wó kì í wọlé dáadáa mọ́. Ìkan ń kó bá ìkan.

Nígbà tí wọ́n ka àwọn tó ṣẹ́kù, nínú nǹkan bí 5,000 èèyàn, 1,452 ló ti ju Ross tiwọn nù, tí wọ́n gbé Lee-Enfield lára àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ti kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ rò ó wò. Ọmọ ogun kì í ju ìbọn nù. Ẹjọ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà nínú yàrà ti dájọ́ tirẹ̀ ná kí àwọn tó wà nílé tó jókòó ìpàdé.

Ẹ wo ti àwọn tó wà nílé. Sam Hughes, mínísítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ogun ní Kánádà, ti fi orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn Ross. Kò gbà rárá pé ìbọn náà ní àbùkù. Ọ̀gágun Alderson tó ń darí àwọn ọmọ ogun náà kọ̀wé ránṣẹ́ pé ìbọn yìí ń fi ẹ̀mí àwọn èèyàn òun ṣòfò. Hughes bínú sí i. Ní oṣù kẹfà ọdún 1915, Sir John French, olórí ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ojú ogun, pàṣẹ kí wọ́n gba Ross lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ogun Kánádà àkọ́kọ́, kí wọ́n fún wọn ní Lee-Enfield. Àwọn ẹgbẹ́ tó kù gba tiwọn ní 1916. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn ni Hughes kúrò lórí oyè. Ní 1917 ìjọba gba iléeṣẹ́ náà lọ́wọ́ Ross.

Kí ni wọ́n ṣe sí àwọn Ross tó ṣẹ́kù? Wọ́n mú irinṣẹ́, wọ́n ha inú ilé ọta wọn kó gbòòrò díẹ̀. Àbí ẹ ò rí nǹkan? Wọ́n gba kádàrá pé ìtẹ́ ló máa bá eku mu, eku ò ní bá ìtẹ́ mu.

Ṣùgbọ́n ká má purọ́ mọ́ Ross. Àwọn atamátàsé Kánádà ò fi tiwọn sílẹ̀. Francis Pegahmagabow, ọmọ ẹ̀yà Ojibwe, tó wà lára àwọn tó mọ ìbọn yìn jù nínú ogun yẹn, Ross ló ń lò. Kí ló dé tó ṣe é fún un? Atamátàsé ń ṣa ọta rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó ń nu ìbọn rẹ̀ bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Ó ń yìn ín lẹ́ẹ̀kan, á sinmi. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ìbọn náà fún gan-an ló ń bá a ṣe. Ìbọn ìdíje ni wọ́n gbé fún ẹni tó wà nínú ẹrẹ̀, wọ́n wá ń bínú pé ó gan.

ÌTÀN KEJÌ: OJÚ ALÁGBẸ̀DẸ SPRINGFIELD

Bí ìwọ̀n bá ti tọ́, ọwọ́ tó ṣe é ló kù. Amẹ́ríkà ló kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ yìí.

Ìbọn M1903 tí gbogbo èèyàn ń pè ní Springfield, iléeṣẹ́ ìjọba méjì ló ń ṣe é: ti Springfield ní Massachusetts, àti ti Rock Island ní Illinois. Àwòrán rẹ̀ dára, ìwọ̀n rẹ̀ pé. Àwọn alágbẹ̀dẹ tó ń yọ irin rẹ̀ nínú iná jẹ́ àgbà nídìí iṣẹ́, àwọn tó ti pẹ́ nídìí ìléru. Nígbà tó wá di 1917 tí Amẹ́ríkà wọ ogun, àwọn kan lára ìbọn wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ bí ìkòkò lójú ẹni tó ń yìn ín, wọ́n sì ṣe àwọn èèyàn léṣe. Irin tó yẹ kó lágbára ń fọ́ wẹ́wẹ́ bí àwo.

Wọ́n wádìí. Julian Hatcher, ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó di ọ̀gágun níkẹyìn, kọ ìtàn ìwádìí náà sínú ìwé. Ohun tí wọ́n rí yà wọ́n lẹ́nu. Ojú làwọn àgbà alágbẹ̀dẹ náà fi ń wo irin nínú iná. Tó bá ti pọ́n dé ibi tí ojú wọn mọ̀, wọ́n á ní ó tó. Ṣùgbọ́n irin gbígbóná kì í pọ́n lójú bákan náà nígbà gbogbo. Lọ́jọ́ tí ojú ọjọ́ bá ṣú, ó máa ń pọ́n fòò. Lọ́jọ́ tí oòrùn bá ràn wọ inú àgbẹ̀dẹ, irin kan náà á dà bí ẹni pé kò tíì gbóná tó, wọ́n á sì tún fi í sílẹ̀ nínú iná. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n, wọ́n rí i pé ohun tí ojú ń pè ní "ó tó" lọ́jọ́ oòrùn lè fi ìwọ̀n 300 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit ju ti ọjọ́ tó ṣú lọ. Irin ti jóná, ojú ò rí i. Ẹni tó bá gba ìbọn tí wọ́n rọ lọ́jọ́ oòrùn, ó ti gba ewu, òun náà ò sì ní mọ̀, torí lóde ara, ìbọn méjèèjì jọra wọn bí ìbejì.

Wọ́n ra ẹ̀rọ tó ń wọn ooru iná, wọ́n sì yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi iná sọ irin di líle padà. Láti nọ́ńbà 800,000 ní Springfield, àti nọ́ńbà 285,507 ní Rock Island, ni tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Títí dòní, ẹni tó bá fẹ́ ra M1903 àtijọ́ lọ́hùn-ún, nọ́ńbà ló máa kọ́kọ́ wò.

Ẹ má ṣe ṣi wá gbọ́ o. A ò sọ pé àwọn alágbẹ̀dẹ yẹn ò mọ iṣẹ́. Wọ́n mọ iṣẹ́ dáadáa. Ohun tí wọ́n kò ní ni ohun tó máa já wọn ní koro nígbà tí ojú bá purọ́ fún wọn.

OHUN TÍ AYÉ FI ṢE ÀTÚNṢE

Láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn ìlú tó ń ṣe ìbọn ti mọ̀ pé a kì í gba alágbẹ̀dẹ gbọ́ nítorí ẹnu rẹ̀ nìkan. Ní Birmingham, níbi tí ọ̀pọ̀ ìbọn tí àwọn òyìnbó ń tà ní etíkun Áfíríkà ti jáde, òfin dá ilé àyẹ̀wò ìbọn sílẹ̀ ní 1813. Wọ́n á ki ẹ̀tù tó ju ti ojoojúmọ́ lọ sínú ìbọn tuntun, wọ́n á yìn ín láìsí èèyàn nítòsí. Tí kò bá fọ́, wọ́n á lu àmì sí i lára. Ní 1914, àwọn orílẹ̀-èdè mélòó kan ní Yúróòpù pàdé ní Liège, ní Bẹ́ljíọ̀m, láti fohùn ṣọ̀kan lórí àyẹ̀wò yìí. Àjọ tó jáde níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní CIP. Amẹ́ríkà dá tirẹ̀, SAAMI, sílẹ̀ ní 1926.

Iṣẹ́ àwọn àjọ wọ̀nyí rọrùn láti lóye. Wọ́n á sọ bí kátíríìjì kan ṣe lè sanra tó, kó má kọjá bẹ́ẹ̀. Wọ́n á sọ bí ilé ọta rẹ̀ ṣe lè kéré tó, kó má kéré jù bẹ́ẹ̀. Wọ́n á rí i dájú pé eku tó sanra jù lọ á ṣì wọ ìtẹ́ tó kéré jù lọ. Àyè díẹ̀ tó wà láàárín méjèèjì, wọn ò gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni.

Ó WÁ KU ÌDÁHÙN WA

Bàbá wa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè, àti gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní láísẹ́ǹsì, ohun tí a rí fà yọ nìyí:

1. Ẹ má béèrè fún ilé ọta tó fún pinpin. Ìyẹn dára fún ẹni tó ń yìn ìbọn fún ìdíje, tó ń ṣe ọta tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìbọn oko ń bá ìrì, eruku àti ẹrẹ̀ pàdé, ohun tẹ́ ẹ bá sì rí lọ́jà lẹ máa rà. Ìwọ̀n tí gbogbo ayé fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni kẹ́ ẹ dúró lé. Ìbọn oko kì í tàsé nítorí àyè bíi fọ́nrán irun. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n ló ń tàsé.

2. Ẹ ka ohun tó wà lára ọ̀pá ìbọn yín kẹ́ ẹ tó ra kátíríìjì. Fún ìbọn ọlọ́ta wẹ́wẹ́, nọ́ńbà 2¾ tàbí 70 túmọ̀ sí pé ilé ọta rẹ̀ gùn tó íǹṣì 2¾, ìyẹn mílímítà 70. Nọ́ńbà 3 tàbí 76 jẹ́ ti íǹṣì 3. Ẹ ṣọ́ra o: kátíríìjì íǹṣì 3 lè wọ inú ilé ọta 2¾ láìjanpata, torí ẹnu rẹ̀ ṣì ká wọnú. Nígbà tẹ́ ẹ bá yìn ín ni ẹnu náà á ṣí, tí kò ní rí àyè, agbára iná á sì pọ̀ ju èyí tí ìbọn náà lè gbà lọ. "Ó wọlé" kò túmọ̀ sí "ó wọ̀ ọ́n".

3. Ẹ má kó kátíríìjì 12 àti 20 pọ̀ sínú àpò kan. Ti 20 tín-ín-rín, ó lè yọ̀ kọjá ilé ọta ìbọn 12 kó lọ há sínú ọ̀pá. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ìbọn òun ṣófo, á ki 12 tẹ̀ lé e, á sì yìn ín. Ọ̀pá ìbọn á bẹ́ sí i lọ́wọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn iléeṣẹ́ fi ń kun ti 20 ní àwọ̀ yẹ́lò.

4. Ní ti ọwọ́ tó máa ṣe é: òfin ìbọn Nàìjíríà, èyí tó ti wà láti 1959, kò fàyè gba ẹnikẹ́ni láti ṣe ìbọn bó ṣe wù ú, kò sì fàyè gbà á kẹ́ ẹ ní in láìsí láísẹ́ǹsì. Nítorí náà, ẹni tó bá ní "mú owó wá, mo máa rọ ọ́ lóru," ẹ máa sá fún un. Tí àtúnṣe bá wà láti ṣe, ẹ lọ bá ẹni tí ìjọba mọ̀. Ẹ bi í pé: kí lẹ fi ń wọn ilé ọta? Tó bá ní "ojú mi ti mọ̀ ọ́n," ẹ rántí Springfield. Ẹ bi í pé: níbo lẹ ti dán an wò, ta ló dúró nítòsí? Tó bá rẹ́rìn-ín, ẹ gbé ìbọn yín padà sílé.

5. Páìpù omi kì í ṣe ọ̀pá ìbọn. Wọ́n ṣe é kí omi máa gbà á kọjá ni, wọn ò ṣe é fún iná ẹ̀tù. Bí ẹni tó rọ ọ́ ti wù kó gbọ́n tó, ọgbọ́n rẹ̀ ò lè yí irin tí kò dára padà.

6. Kátíríìjì tí kò bá wọlé wẹ́rẹ́, ẹ má fi òòlù tì í. Èyí tí kò bá jáde, ẹ má fi bàtà gbá a. Àwọn ọmọ Kánádà ṣe bẹ́ẹ̀ torí ọ̀tá ń bọ̀. Ọ̀yà ò lé yín.

Ìtàn yìí sì kọjá ìbọn o. Àgbẹ̀ tó ra ẹ̀rọ ìlọgàárì tí pátì rẹ̀ ò sí lọ́jà wa, Ross ló rà yẹn. Oníṣòwò tó ra fìríìsà ńlá tí iná àdúgbò rẹ̀ ò lè gbé, Ross ló rà. Ẹni tó ń fojú díwọ̀n oògùn kòkòrò sínú táńkì tó ń gbé kọ́rùn, Springfield ló ń ṣe, ọjọ́ tí ojú bá purọ́ fún un, ẹ̀wà oko rẹ̀ ló máa jóná. Ẹni tó sì ti fẹnu yìn nǹkan tó rà níwájú gbogbo ayé, tí kò wá lè sọ pé òun ṣìnà mọ́, Sam Hughes nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ẹrẹ̀ lẹ mọ bí irinṣẹ́ ṣe ń ṣe, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó wà nínú ọ́fíìsì sọ fún yín pé kò gan.

Bàbá wa, a ò ní kẹ́ ẹ má ní ìbọn. Ohun tí a ní ni pé kẹ́ ẹ padà wálé pẹ̀lú ojú méjì àti ìka mẹ́wàá. Ẹran ìgbẹ́ ń bẹ lọ́la. Ojú ò ṣe é rà lọ́jà.

Ẹ kú oko o. Ògún á gbè yín.